Àga Ọkọ̀ Tó Ń Bá Fìlà Jà

Jímọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Mo ti ra àga tuntun sínú ọkọ̀ sípọ́ọ̀tù mi àtijọ́. Kì í ṣe pupa tí mo ti ń lálàá rẹ̀ o.

Ìyàwó mi ti búra pé òun ò ní wọ ọkọ̀ náà mọ́ lẹ́yìn òní, torí sípíríǹgì àga àtijọ́ ń gún òun nídìí. Bá a ṣe kúrò ní mọ́ṣáláṣí lónìí, a yà sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta àga ọkọ̀ ní Kútọ̀. Mo jókòó sínú àga pupa náà tòun ti agbádá àti fìlà mi. Ibi tí èèyàn ń gbé orí lé tẹ̀ síwájú, ó ti fìlà bò mí lójú. Mo tún un dé, ó tún tì í.

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Síkírá, àwọn tó ṣe èyí ò mọ̀ pé èèyàn ń dé fìlà!"

Ọlọ́jà ní kí n máa ṣí i tí mo bá ń wakọ̀. Èmi, ọmọ Ẹ̀gbá, kí n ṣí fìlà nítorí àga? Dúdú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo mú, méjì, tèmi àti tìyàwó mi. Wọ́n dè wọ́n mọ́ ọkọ̀ lójú wa.

Ká tó délé, Ìyá Síkírá ti sùn lọ. Nínú ọkọ̀ mi! Ìgbà wo ló ṣe irú ẹ̀ gbẹ̀yìn...

Nígbà tá a délé, mi ò jí i. Ooru ń mú un. Mo ṣí fìlà mi, mo fi ń fẹ́ ẹ títí tó fi jí.