Orin Tí Ìyá Mi Fi Ń Wé Gèlè

Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ìwé dé láti ilé-ìwé Àgbàlagbà — ọmọ mi, ọdún mẹ́sàn-án péré, ẹnu bíi ti ẹni àádọ́rin ọdún. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ ìran rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sì kọ orin wọn. Inú mi dùn jù ú lọ. Mo fa àpótí jáde. Òfì ìyá mi! Pupa rẹ̀ ò tíì ṣá. Mo fi imú sí i — òórùn káńfọ̀ nìkan. Mo sunkún díẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Mo ká etí ìró òfì náà wọlé kó lè bá Àgbàlagbà mu, mo rán an. Mi ò gé e o. Kí sísọ́ọ̀sì kan aṣọ ìyá mi? Èèwọ̀.
Ó ku orin. Èyí tí ìyá mi fi ń wé gèlè níwájú dígí ni mo fẹ́, àmọ́ mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ rí. Píìnì máa ń kún ẹnu ẹ̀, á wá máa fi imú kọ ọ́. Àgbàlagbà ní ṣé hùn-hùn-hùn lòun fẹ́ lọ máa ṣe níwájú tíṣà.

Ẹtì, 7
Ìjà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa. Mo ń ránṣọ, mo ń fi imú kọ orin náà. Màmá Áyọ́ọ̀nù tó ń bá wa lọ aṣọ — ẹ̀yà míì ni wọ́n — bá gbè é, pẹ̀lú ọ̀rọ̀, ní èdè wọn, látòkèdélẹ̀. Mo ní orin ilé wa nìyẹn, níbo lẹ ti jí i? Wọ́n ní orin tí àwọn fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni, kí n lọ bi ìyá mi. Mo ní ìyá mi ti kú.

Sátidé, 8
Orin wa ni.

Àìkú, 9
Mo pe Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kí wọ́n lè dá mi láre. Wọ́n ní ìyá mi ò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ láyé tí ìyá wọn fi kú. Obìnrin yàrá kejì, ẹ̀yà Màmá Áyọ́ọ̀nù gan-an, ló gbé e sọ́mú pẹ̀lú ọmọ tiẹ̀. Ọdún méje. Ọkọ ẹ̀ wá kó òun àti ọmọ tiẹ̀ lọ síbòmíì. Èdè náà pòórá lẹ́nu ìyá mi díẹ̀díẹ̀, ohùn orin nìkan ló kù. Mo ní kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi? Wọ́n ní ìyá mi ló ní ká má sọ ọ́, ojú ń tì í pé òun gbàgbé èdè náà.
Ojú ti èmi náà.

Ajé, 10
Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì áyọ́ọ̀nù, mo ro gbogbo ẹ̀. Màmá Áyọ́ọ̀nù fà mí dìde. Wọ́n ní àwọn á kọ́ Àgbàlagbà lórin náà kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n nujú. Wọ́n wá béèrè orúkọ obìnrin náà, bóyá àwọn á mọ ìdílé ẹ̀.
Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo pe Àǹtí Àgbà lójú ẹsẹ̀.
Wọn ò mọ̀ ọ́n. “Ìyá yàrá kejì” ni gbogbo ilé ń pè é, fún ọdún méje.