"Ji" Tí Ramẹ́ṣì Fi Mọ́ Orúkọ Sìdí

Ẹ kú ilé o, Àǹtí mi Rafátù. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Peckham níbí. Ẹ má wò ó bóyá àyà mi kan ilẹ̀, orúnkún ló ń dùn mí.

Wọ́n ní òtútù mú gan-an lọ́dún yìí. Èmi ò mọ̀. Láti ìgbà tí Sìdí ìyàwó mi ti kú, mò ń jẹun, mò ń sùn, ẹnu mi ò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí omi.

Ẹ rántí Ramẹ́ṣì, ará Íńdíà tó ń ta ilá àti ata nísàlẹ̀ ilé wa. Òun ló kọ́ mi ní Hindi díẹ̀. Ó ní "yaar" ni ọ̀rẹ́, pé ẹgbẹ́ ẹni nìkan là ń pè bẹ́ẹ̀. Àgbà tàbí ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹni, "ji" la fi ń parí orúkọ rẹ̀. Mo ní "ẹ" tiwa náà nìyẹn, iwájú la fi tiwa sí, ìdí ni wọ́n so tiwọn mọ́. Ni mo bá sọ ọ́ di àwàdà: bọ́ọ̀sì ji, òjò ji, káńsù ji. Á ní yaar, mo fẹ́ fi ẹ̀rín pa òun. Bí Sìdí bá wọlé, á kí i pé "Sìdí ji," Sìdí á bi í pé kí lòun jí nínú ọjà rẹ̀. Ramẹ́ṣì ò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún un, kí àwàdà má baà tán.

Lọ́jọ́ fìdáù, Ramẹ́ṣì wá. Ó dúró níwájú fọ́tò Sìdí, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba, ó ní "Sìdí ji." Àlùfáà wa bèèrè pé ta ló mú ẹni tó ń jí òkú wá. Ramẹ́ṣì ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ojú wọn. Ẹnu mi ò ṣí. Ó rọra jáde.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń kọjá, á dìde, á ní "Ràsákì ji." Kò sí yaar mọ́. Àǹtí mi, ẹ mọ bó ṣe ń rí kí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń bú ara yín ṣàdédé máa fi "ẹ" bá yín sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn ló ń tì yẹn. Wàsíù ọmọ mi pè, ó bi mí pé ta ni mo bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Mo wá orúkọ kan tì.

Lánàá mo wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì mi tí kò dá ṣáká ṣàlàyé fún un pé lédè tiwa, "jí" ni kéèyàn mú ohun olóhun, òun náà ni kéèyàn lajú lójú oorun. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wá ní yaar, ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá pariwo rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò rẹ́rìn-ín, mi ò sunkún. Mo ra ilá. Mo sè é nírọ̀lẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, mo sì mọ̀ pé ó pọ̀ jù.

Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ máa jí ire.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ tọ́ títí tí kò gbọ́n,
Ràsákì