Eré Tó Fàyè Gba Ìkíni

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Galadimawa,
                                        Àbújá.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Sàídátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Bàbá Ayọ̀midọ̀tun ńkọ́? Ayọ̀midọ̀tun fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń lọ sílé ìwé láìsunkún? Tiwa níbí, ọpẹ́ ni. Inú mi ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè fi fóònù sọ ọ́ tán, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

O ní kí n sọ fún ọ bóyá ó yẹ kí o sáré ní ọjọ́ kejì eré líle, àbí kí o kúkú sùn. Sáré, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. O rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti forúkọ sílẹ̀ fún eré ọ̀nà jíjìn níbí, tí ìrora ojúgun mi sì dá mi dúró kí ọjọ́ tó pé. Lọ́dún yìí mo ti pariwo fún gbogbo ọ́fíìsì wa pé màá sá a parí. Saeed, kóòṣì wa, ń kìlọ̀ pé lẹ́yìn eré líle, kí n rọra sá eré tí mo lè fi máa sọ̀rọ̀ lọ. Mo ń dáhùn pé mo ti gbọ́. Àmọ́ o mọ̀ mí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kọjá lára mi, àfi kí n lé e bá. Ojúgun sì tún bẹ̀rẹ̀.

Àṣé Bàbá Ọládùnjoyè, ará Ìyàrá wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ń wò mí láti ẹnu géètì wọn. Nígbà tí a ṣe ìpàdé ọmọ ìlú ní Karu, wọ́n dìde, wọ́n ní ọmọ Ìyàrá kan wà ní Galadimawa tó ń sá kọjá lójú àgbà bí ẹni tó gbé ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ojú tì mí gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé pé èémí ni kò jẹ́ kí n lè kí wọn. Bàbá ní:

“Eré tí kò jẹ́ kéèyàn lè kí bàbá rẹ̀, eré kí ni? Láti ọ̀la lọ, wàá máa kí mi, wàá sì máa kí mi tán.”

Wàhálà dé. Àdúgbò wa ni mo máa ń yí po, nítorí náà ìbéèrè kan ni Bàbá ń bi mí nígbàkúùgbà tí mo bá kọjá. N óò kí wọn bí a ṣe ń kíni nílé, “Okun o, Bàbá,” wọ́n á béèrè oorun. Bí mo bá tún yí i po, wọ́n á béèrè màmá mi, lẹ́yìn náà iṣẹ́, lẹ́yìn náà iṣu tí a gbìn nílé. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, a tún bẹ̀rẹ̀ látorí oorun. Kò pẹ́ tí Àbdùlláhì, ọlọ́dẹ ilé kejì, náà fi dara pọ̀ pẹ̀lú ìkíni Haúsá tirẹ̀, sànnu àti yauwa. Àwọn èèyàn ń kọjá lára mi, n kò sì lè lé wọn, mo wà lẹ́nu ìkíni. Ìgbín gan-an ì bá yà mí sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, kí oṣù tó parí, ojúgun dákẹ́. Ọjọ́ tí Saeed bá fún wa ní eré líle, ẹsẹ̀ mi á ti sinmi, n óò sì fi gbogbo agbára sá a, lọ́nà tí n kò ti ní pàdé Bàbá.

Sátidé tó kọjá la sá eré ọ̀nà jíjìn náà. Ó kù díẹ̀ kí n parí, ẹsẹ̀ mi ti wúwo, ni mo rí fìlà funfun kan létí títì. Bàbá ni. Mo dẹ ẹsẹ̀, mo ti fẹ́ kúnlẹ̀, mo ní, “Okun…”

“Má kí mi lónìí! Sáré lọ, ọmọ mi.”

Sàídátù, mo sáré. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì sá a parí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ́ ẹsẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá ti ń dúró dè mí lẹ́nu géètì, wọ́n béèrè oorun.

Nítorí náà, lẹ́yìn eré líle rẹ, jáde, kí o máa kí gbogbo ará Kàbbà. Bí o kò bá lè béèrè ìyá ẹnikẹ́ni, dín eré kù. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń dùn ọ́ ní tòótọ́, sùn.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá Ayọ̀midọ̀tun, kí o sì kí wọn tán.

                                        Èmi ni tìrẹ, tí kì í sá fún àgbà mọ́,
                                        Kúnbi.