Bàbá mi ló ń gé orí iṣu, àbúrò mi ni wọ́n fẹ́ rán lọ

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹjọ ọdún yìí, aago méje àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, ni ohun tó gbé mi wá síwájú yín bẹ̀rẹ̀. Bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, n kò lè búra, àmọ́ ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó dá mi lóhùn, torí n kò tíì sọ ohun tí mo rí fún òbí mi kankan, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri.

Èmi ni àkọ́bí. Mo ti gba licence ní yunifásítì, iṣẹ́ tí mo sì rí ni ti ṣọ́ọ̀bù photocopie kan ní Sokodé, ní Tógò níbí, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fẹ́ mú lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn òbí mi wà lóko nítòsí Kambolé, iṣu àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn. Àbúrò mi ọkùnrin ló kù lọ́dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ ká pè é ní Sàbítù, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ yìí ló yẹ kó jókòó fún BEPC, ìdánwò tí wọ́n fi ń parí collège. Tí mo bá ráyè, mo máa ń wọ táksí dé Tchamba, mo máa gun zém, alùpùpù akérò, láti ibẹ̀ dé Kambolé, màá wá fi ẹsẹ̀ rìn dé oko.

Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ iṣu, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń wa iṣu kan náà. Ní wíwa àkọ́kọ́, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, a máa fi ọwọ́ tú ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a máa gé iṣu ńlá náà nísàlẹ̀ ọrùn, a máa fi orí rẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò àti ìtàkùn sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, a máa da erùpẹ̀ bò ó padà. Orí yẹn ló máa tún so àwọn iṣu kéékèèké tí a máa fi ṣe èèbù, òun la máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Tí ọ̀bẹ bá gòkè jù tó gé orí yẹn kúrò, ìtàkùn á rọ, èèbù kò ní sí, ẹni tí kò sì ní èèbù, kí ló fẹ́ gbìn? Nílé tiwa, ọmọkùnrin tó bá ti mọ wíwa àkọ́kọ́ yìí dáadáa, bàbá rẹ̀ á fún un ní ìlà ebè kan, èèbù inú rẹ̀ á di tirẹ̀, ibẹ̀ ni oko tirẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún mi ní tèmi nígbà tí mo tó Sàbítù. Ọdún yìí ló kan òun.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo wí yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá wo oko. Àlájì la máa ń pè é, òun ni olórí ẹbí, òun ló sì ń pín ilẹ̀. Èmi, Bàbá àti Sàbítù la tẹ̀ lé e. Bí a ṣe dé ibi tí Bàbá àti Sàbítù ti wa iṣu ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a rí i pé ìtàkùn ebè kan ti rọ, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀, òmíràn tún rọ níwájú... Àlájì bẹ̀rẹ̀, ó tú ọ̀kan, kò bá orí iṣu níbẹ̀. Ó tú òmíràn, bákan náà. Ó gbójú sókè, ó rí àpò kan lábẹ́ igi máńgòrò, ó tú u, orí iṣu tí wọ́n ti gé ló kún inú rẹ̀. Ó ní ta ló ni àpò? Sàbítù ní òun ni. Ó ní ta ló gé wọn? Sàbítù wolẹ̀. Àlájì ní, «Sàbítù, iṣu lò ń wa ni, àbí àgbò lò ń dúńbú? Àbí Iléyá ti dé tí a kò gbọ́?» Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko ẹ̀gbẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. Ó tún ní collège ti sọ ọwọ́ ọmọ yìí di ọwọ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín. Bàbá mi dúró síbẹ̀, kò bá wọn rẹ́rìn-ín, kò gbèjà ọmọ. Mo wo ojú rẹ̀, n kò rí ohun tí mo lè pè lórúkọ.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Àlájì ti dájọ́. Sàbítù kò ní gba ìlà ebè kankan. Tí wọ́n bá ti kó àgbàdo wọlé tán, yóò bá ọkùnrin kan tó máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà lọ, kí ojú rẹ̀ lè là. Bàbá ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá ti wí bẹ́ẹ̀, kó rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tó ti bá ọkùnrin yẹn lọ, àwọn kan gun alùpùpù tuntun bọ̀, àwọn kan gbé àìsàn bọ̀. Mo mọ irú àwọn méjèèjì, n kò lè sọ fún yín irú èyí tó pọ̀ jù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó padà sí kíláàsì.

Mo padà sí Sokodé, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò bára mu lọ́kàn mi. Èmi àti Sàbítù la jọ wa iṣu lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ṣé ẹni tó mọ iṣẹ́ lọ́dún kan á gbàgbé rẹ̀ lọ́dún kejì ni? Mo dúró nídìí ẹ̀rọ photocopie, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn nǹkan kéékèèké. Bàbá kì í ṣí Kùránì mọ́ lẹ́yìn Àsùbáà, ó ń kà á lórí, àwọn èèyàn sì ń yìn ín pé ó ti há a. Lọ́jọ́ tí mo dé, kí n tó lanu, orúkọ àbúrò ìyá mi ló fi pè mí. Tó bá ń ṣe àlùwàlá, omi inú kẹ́tù máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá mi kì í gbé omi mímu kalẹ̀ níwájú rẹ̀ mọ́, ó máa ń fi ife lé e lọ́wọ́ tààrà... Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ló lè ní ìtumọ̀ mìíràn. Àgbàlagbà lè há Kùránì. Obìnrin lè kẹ́ ọkọ rẹ̀. Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi títí ó fi sú mi.

Nígbà tí mo tún lọ sílé, mo ní kí Sàbítù bá Ìyá lọ ya àgbàdo, èmi ni màá bá Bàbá wa iṣu tó kù. Inú Bàbá dùn. Ó ní, «Ọ̀gá photocopie! Ṣé ọwọ́ rẹ ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú?» Mo rẹ́rìn-ín. Mo dúró nídìí ebè kejì, mo ń ṣe bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Ó tú ebè dáadáa, ìka rẹ̀ ṣì mọ ilẹ̀. Àmọ́ nígbà tó kan ọ̀bẹ, kò wo ibẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lókè síhà igbó, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan, ìka rẹ̀ ń táràrà wá ọrùn iṣu... ó wá gé e. Ó ti gòkè jù. Orí iṣu náà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mọ̀. Ó da erùpẹ̀ bo ebè tó ṣófo náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn, ó ní Bisimilláàhì, ó bọ́ sí ìkejì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́ o, èyí tó ṣe dáadáa pọ̀ ju èyí tó bàjẹ́ lọ, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà. Àmọ́ mo rí i. Mo sì mú orí iṣu yẹn nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọjá rí i, mo jù ú sínú àpò mi. Ìgbà tó wọ inú àpò ni mo tó mọ ohun tí àpò Sàbítù ń ṣe lábẹ́ igi máńgòrò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lójú ọ̀nà, mo fi orí iṣu náà han Sàbítù. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rí i nìyẹn.» Ó ní láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá lòun ti mọ̀ pé Bàbá kò ríran dáadáa mọ́. Láti ìgbà tí wíwa iṣu ti bẹ̀rẹ̀, tí Bàbá bá ti kúrò lóko, òun á lọ tú àwọn ebè wò, òun á kó orí tó ti gé, èyí tó bá ṣì lè hù, òun á lọ sin ín sẹ́yìn oko níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lójú Àlájì. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò. Ó ní ṣé kí òun na ìka sí Bàbá níwájú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ni? Ó ní ṣé mo ti gbàgbé àbúrò Bàbá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ni?

N kò gbàgbé. Nínú ẹbí wa, ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó bá lè ro ó. Nígbà tí ẹsẹ̀ àbúrò Bàbá yẹn kò gbé e mọ́, kí òjò tó tún rọ̀, Àlájì ti pín ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tó lágbára. Kò sẹ́ni tó bú u, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi ló ń jókòó sí láti àárọ̀, n kò sì rí ọjọ́ kan tí wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Sàbítù ní kí òun lọ Nàìjíríà sàn ju kí Bàbá jókòó tì í lábẹ́ igi yẹn. Ó ní kí n ṣèlérí pé n kò ní sọ. Mo ní mo ti gbọ́. N kò sọ pé mo gbà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òun rò pé mo gbà.

Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Sokodé, mo ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ó ní ojú àgbàlagbà tó ń bàjẹ́, òmíràn wà tí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún, òmíràn wà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́, òun kò lè sọ èyí tó jẹ́ láìrí ẹni náà. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ mú Bàbá wá sí Sokodé láìjẹ́ pé mo sọ ìdí rẹ̀ fún un? Tí mo bá sì sọ ọ́, ṣé kò ní mọ̀ pé òun fi ẹnu ara òun gbà kí wọ́n lé ọmọ lọ lórí ohun tí òun fi ọwọ́ òun ṣe? Àbí ó ti mọ̀? Ìyá ńkọ́, ṣé òun náà mọ̀? Gbogbo wa lè mọ̀ nínú ilé yẹn, kí kálukú máa dákẹ́ nítorí ẹnì kejì. N kò ní ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. N kò sì ní ẹ̀rí pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí mo ń yẹra fún láti òkè. Ọ̀nà kẹta wà. Èmi ni àkọ́bí, mo mọ iṣẹ́ iṣu, Àlájì kò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tí àkọ́bí rẹ̀ wà lóko tó ń ro ó. Tí mo bá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tí mo padà sílé, Sàbítù á ka ìwé rẹ̀, a lè mú Bàbá lọ sí ọsibítù láìbẹ̀rù, orí rẹ̀ á sì wà níbi tó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, n kò rí àbùkù kankan nínú rẹ̀, àyàfi pé n kò fẹ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí kò gbé mi débi kankan, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ n kò fẹ́. Ìwé kíkà ti rẹ̀ mí kí n tó parí rẹ̀, wíwá iṣẹ́ rẹ̀ mí, tí mo bá sì ronú pé ebè ni gbogbo rẹ̀ máa já sí, ṣe ni ara mi máa ń wúwo bí àpò àgbàdo tútù. Ṣé ọ̀dájú ni mí? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún fẹ́ fi ayé ara rẹ̀ bo bàbá wa láṣìírí, èmi àgbà ń wọn ọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀n...

Ìyá pè mí lórí fóònù lánàá, ó ní ọkùnrin Nàìjíríà yẹn ti wá wo Sàbítù, pé ó ní apá rẹ̀ dára. Èmi kò sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo sọ fún yín. Àgbàdo ti fẹ́ wọlé tán. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ bá Àlájì, kí Bàbá pàdánù ilẹ̀? Ṣé Bàbá ni kí n kọ́kọ́ bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ wo sì ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Àbí kí n di ẹrù mi, kí n máa lọ sílé? Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú òbí rí, ẹ gbà mí níyànjú, ẹ má fi èébú dá mi lóhùn, mo ti bú ara mi tó.

Ohun tó kẹ́yìn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo rí nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Bàbá àti Sàbítù sìn mí dé ẹ̀bá ọ̀nà. Zém tí mo pè kò tíì dé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, mo dákẹ́. Alùpùpù ẹlòmíràn gbé obìnrin kan àti ẹrù rẹ̀ kọjá níwájú wa. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó ń jù ú sí alùpùpù tó ń lọ náà, ó ní, «Ó dàbọ̀ o, ọmọ mi. Kí Ọlọ́run mú ọ gúnlẹ̀. Má jẹ́ kó pẹ́ kí o tó wá o.» Sàbítù wò mí, ó mi orí pé kí n má fèsì. N kò fèsì. Ọwọ́ Bàbá ṣì wà lókè nígbà tí a kò gbọ́ ìró alùpùpù náà mọ́.