Ẹni Tó Ń Dárúkọ Owó Kó Tó Gbé Òòlù: Ìgbésí Ayé Olóògbé Cosme Ọláìtán

Ẹbí Ọláìtán kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ láti wá bá wọn ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún Bàbá. Ẹsẹ̀ yín kò ní ṣìnà.

Ọdún 1915 ni wọ́n bí Bàbá Cosme ní Lèma, lábẹ́ òkè Dassa. Ọláìtán, àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá wọn. Àṣàkẹ́ amọ̀kòkò ni ìyá wọn. Wọ́n lo ọdún díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àwọn fàdá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń rẹ́ pákó. Ní ọdún 1940, wọ́n gbé Euphrasie, ọmọ ìlú Paouignan, níyàwó. Justine ni àkọ́bí wọn.

Ní ọdún 1961, Bàbá fi ọ̀gá tí wọ́n ń bá kọ́lé sílẹ̀, wọ́n dá dúró. Ilẹ̀kùn tó ya, kọ́kọ́rọ́ tó há, páànù tó ń jò, wọ́n ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè iye, wọ́n á ní, "Ohun tó bá ti ọkàn yín wá." Ohun tó ń ti ọkàn àwọn ènìyàn wá kò tó ra ìṣó.

Euphrasie ìyàwó wọn ló là á mọ́lẹ̀: "Bàbá Justine, ojú ń tì yín láti dárúkọ owó, ebi kì í sì í tijú."

Láti ìgbà náà, Bàbá á kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ wò, wọ́n á dárúkọ owó, kí wọ́n tó gbé òòlù. Àwọn kan ní Cosme ti ń gbéra ga. Iṣẹ́ wọ́n bí omi ẹ̀ẹ̀rùn. Ni Bàbá bá ru ilẹ̀kùn kan tí wọ́n kàn fúnra wọn lọ sọ́jà Glazoué, wọ́n nà án ró sáàárín òkìtì iṣu. "Ilẹ̀kùn tí kò nílé!" làwọn ènìyàn ń wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń tì í. Kí ọjà tó tú, oníṣu kan ti ní kí Bàbá wá kan tòun.

Ní ọdún 1965, ìjì ńlá ká òrùlé ní Lèma, kò yọ ti Bàbá náà sílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn fi owó kún owó iṣẹ́ wọn. Bàbá kò fi kún un. Perpétue, opó kan, ló kọ́kọ́ pè wọ́n, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Bàṣírù, oníṣòwò ìrẹsì ní Dassa, sáré dé, ó ní, "Ẹ fi eléyìí sílẹ̀, Cosme, ẹ wá ṣe tèmi. Ìlọ́po mẹ́ta ni màá san."

Bàbá dáhùn látorí àjà: "Mo ti fún un lọ́rọ̀. Bí mo bá ta ọ̀rọ̀ náà lónìí, kí ni màá rí tà lọ́la?"

Euphrasie ìyàwó wọn gbọ́. Ó gbé Sylvestre, àbígbẹ̀yìn wọn tó ń wúkọ́, dání. "Òjò kò mọ ilé tiwa ni?"

Bàbá tún gbé òòlù. Wọ́n parí ilé opó náà. Kí wọ́n tó kan páànù sórí tiwọn, ikọ́ náà ti mú ọmọ lọ.

Bàṣírù wá bá wọn kẹ́dùn, kò bínú mọ́ pé wọ́n kọ owó òun. Òun ló ń sọ fún àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ Cosme kì í yẹ̀, iṣẹ́ sì ń wá láti gbogbo ìlú. Bàbá ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń tún ìjókòó ìjọ ṣe láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ignace, ọmọ wọn, fẹ́ dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ: "Bí o bá ń dá owó lé iṣẹ́, ka ilé rẹ mọ́ ọn. Èmi kò kà á."

Bàbá dákẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 1969. Wọ́n fi ìyàwó wọn Euphrasie sáyé lọ, àti àwọn ọmọ: Justine, Ignace àti Odette, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, Isabelle àti Léonard.

Ọkọ Euphrasie, ilẹ̀ Lèma á tutù fún yín. Ẹ kí Sylvestre fún wa. Ẹ sùn ire.