Ewúrẹ́ tí Kò Lóyún Nílé Ìyá Bùnmi

Ọjọ́bọ̀, Ìrè-Èkìtì.

Kò sẹ́ni tó mọ ewúrẹ́ sìn tó mi ní gbogbo Èkìtì. Ó dáa, ní àdúgbò wa ni. Àwọn tèmi náà ń kú.

Ó ti tó ọdún méjì tí mo fún Ìyá Bùnmi, opó ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ní abo ọmọ ewúrẹ́ sìn, pé a ó jọ máa pín ọmọ rẹ̀. Títí di òní, ẹran náà kò lóyún. Mo sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ níta gbangba: "Ìyá Bùnmi, àbí òbúkọ ń bẹ̀rù rẹ ni?" Àwọn èèyàn gbé e, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ò bá ẹran mu. Kò sẹ́ni tó ń fún un ní ẹran sìn mọ́.

Lónìí ó pe obìnrin kan tó ń kọ́ni nípa ẹran ọ̀sìn ní yunifásítì. Ìyẹn yẹ ewúrẹ́ náà wò, ó ní ó jọ pé ilé ọmọ rẹ̀ kò dàgbà bó ṣe yẹ. Ó wá yíjú sí mi:

"Bàbá, ṣé ìyá rẹ̀ jẹ koríko tí wọ́n fín oògùn apakoríko sí nígbà tó lóyún? Ó lè ba abo ọmọ jẹ́ láti inú."

"Rárá o!"

Ìyá Bùnmi wò mí. "Bàbá, ẹ wá mú ẹran yín kúrò ní ulé mi. Yẹ̀yẹ́ yìí tó."

Mi ò lè jẹun. Bí mo bá sọ ọ́ lọ́la, ojú wo ni màá fi...

Èmi ni mo fín oògùn sí ẹ̀yìnkùlé mi. Mo rí ìyá ewúrẹ́ náà pẹ̀lú oyún nínú, tó ń jẹ koríko ọ̀hún. Ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n dìde so ó.