Bàbá Mi, Ẹ Má Tíì Ra Owó Fàdákà Yẹn

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àfojúsọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo kí Màmá, mo kí Bùrọ̀dá Káyọ̀dé tó bá yín kọ lẹ́tà tó kọjá, mo sì kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Odòde. Ṣé oòrùn ń ràn tó fún yín láti sá kòkó? Níbí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú, ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo sì ń wọ̀ lé ara wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, ilẹ̀ á mọ́, á tún ṣú, ẹnikẹ́ni ò ní pe orúkọ mi.

Bùrọ̀dá ní ọkùnrin kan ń ta owó fàdákà àtijọ́ fún yín, àwọn ńláńlá tó ní àwòrán orí obìnrin, pé inú ìkòkò kan tí òun hú ní Òkè Ìdànrè lòun ti rí i, àti pé ẹ fẹ́ fi owó kòkó ọdún yìí rà á. Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Mo mọ̀ pé orí òkè ni wọ́n ti bí yín, ohun tó bá ti ibẹ̀ wá kì í ṣe kékeré lójú yín. Ọkùnrin yẹn náà lè mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òyìnbó arúgbó tí mò ń bá ṣiṣẹ́, owó àtijọ́ ló ń rà tó sì ń tà. Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbá níbẹ̀. Nígbà tó rí i pé ojú mi ń mú nǹkan, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mi. Ó ní ojú owó ló máa ń tan èèyàn, pé etí rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ máa wò, kí n sì gbé e sórí ìwọ̀n.

Ní Sátidé kan, bàbá kan wọlé. Ohùn wọn ni mo fi mọ̀ pé ará Oǹdó ni wọ́n. Mo kúnlẹ̀ kí wọn láàárín ṣọ́ọ̀bù, inú wọn dùn, wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí. Wọ́n tú áńkáṣíìfù kan. Owó méje ló wà níbẹ̀, irú èyí tí Bùrọ̀dá ṣàpèjúwe gan-an. Wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì àwọn làwọn fi rà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, àwọn sì fẹ́ mọ iye tó tó.

Ọ̀gá mi ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mẹ́fà fúyẹ́ jù. Ìlà tín-ín-rín kan yí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, níbi tí wọ́n ti lẹ ìdajì méjì pọ̀. Mo fi ọ̀kan kan èkejì, ó dún bí ìdérí agolo. Ìkeje nìkan ni fàdákà, àní òun náà kò ṣọ̀wọ́n, nítorí wọ́n ṣì ń ṣe irú rẹ̀ ní tuntun títí dòní, ọdún àtijọ́ kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ sí i lára.

Bàbá náà ti rí i lójú mi. Wọ́n fi Yorùbá bẹ̀ mí pé kí n bo àṣírí àwọn, kí n sọ pé fàdákà ni gbogbo rẹ̀, pé ṣebí òyìnbó ò gbọ́ ohun tí à ń sọ, pé ọmọ àwọn ni mí. Bàbá mi, ẹ̀yin ni mo rí níwájú mi. Mo kọ́kọ́ fi èdè wa sọ òótọ́ náà fún wọn, kí ó má jẹ́ pé ẹnu òyìnbó ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ, kí n tó sọ fún ọ̀gá mi. Wọ́n kó owó wọn, wọ́n sì jáde. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bá ṣí ni mo ń wò bóyá àwọn ni.

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n padà wá. Mo rò pé èébú ni wọ́n gbé bọ̀. Wọ́n ní àwọn wá dúpẹ́ ni. Opó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti fẹ́ ra mẹ́ta lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá ti purọ́, àwọn ì bá ti tà á fún un, àwọn ì bá sì di olè.

Nítorí náà, ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn pé ẹ fẹ́ gbé ọ̀kan, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣà, lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Àkúrẹ́. Tó bá ní òun ń kánjú, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ foríjì mí pé èmi ọmọ ló ń kọ́ yín.

Bí ó bá sì jẹ́ fàdákà gidi, tó jẹ́ pé orí òkè ló ti hú u lóòótọ́, ẹ ṣì má rà á. Nǹkan àwọn baba wa ni, kì í ṣe tirẹ̀ láti tà. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ààfin.

Kí Olúwa dá ẹ̀yin àti Màmá sí, kí ojú wa tún ríra láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́